Iṣẹ́ Ìjókòósílé tí Ọdẹ́lékè Gbà Lọ́wọ́ Ará Ìlú Ìrọ̀rùn

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri yẹn, ẹ sún síwájú, nítorí ohùn mi kì í ṣe ti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ogójì ọdún mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti wọ igbó báyìí, n kì í dúró de ẹni tó ń tún ṣòkòtò rẹ̀ dì. Ọdẹ ni mí. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́rìnlá. Mo ti pa àmọ̀tẹ́kùn kan tó jẹ ajá mi mẹ́ta. Mo sì ti rí ohun kan tó ní ojú ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń fi ojú náà wò mí bó ṣe ń sá lọ. Ṣùgbọ́n ti èmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rẹ́ mi Ọdẹ́lékè ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọmọ ìlú wa níhìn-ín ní Òkè-Ọ̀gùrọ̀, ọkùnrin tó mọ ìbọn yìn tó mi. Mo ní ó tó mi o, n kò ní ó jù mí lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti wá sí ilé yín rí, tó ní iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè jókòó sínú yàrá yín máa ṣe, tí ọrọ̀ yóò máa wọlé wá bá yín, ẹ tẹ́tí dáadáa. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Ẹfọ̀n ló fi ìwo gún Ọdẹ́lékè ní itan. Oṣù mẹ́rin ló fi wà lórí ẹní, nígbà tó sì dìde, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kúrú ju ti òsì lọ. Ọdẹ tó ń tiro kò lè lé ẹran bá. Morádéun ìyàwó rẹ̀ ló ń yan gàrí tí wọ́n fi ń jẹun, ojú sì ń ti Ọdẹ́lékè gan-an láti máa jókòó ti abọ́ gàrí tí kò sí ẹran kankan nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ọmọ yìí, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní àràárọ̀, kí Morádéun tó gbá ojúlé, yóò kúnlẹ̀ ti ẹní ọmọ náà, yóò máa kì í: "Àwẹ̀ró, ọmọ arẹ́fọ̀n-má-yẹ̀, ọmọ agbégi-lérí-kọrin, ọmọ ọlọ́dẹ tí ń fi ìwo ẹfọ̀n mu omi tútù." Ọmọ yóò ti jí tipẹ́. Yóò di ojú pa kí ìyá rẹ̀ lè máa kì í lọ. Nígbà tí kò bá lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́, yóò fò dìde, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi." Èmi tí ilé mi wà ní ẹ̀gbẹ́ tiwọn, ẹ̀rín ọmọ yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọkùnrin kan wọ agbolé wọn. Aṣọ rẹ̀ funfun, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ẹrẹ̀ ta bo gbogbo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí mọ́ tónítóní, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ọdẹ́lékè rí i. Ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran láti kékeré rí i, ó sì gbójú kúrò, nítorí ohun tí ọkùnrin náà ń sọ dùn mọ́ ọn ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Kíákíá ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀gá wa ní ìlú Ìrọ̀rùn ló rán mi. Nínú gbogbo ọkùnrin ìlú yìí, ẹ̀yin nìkan la yàn."

"Ta ló dárúkọ mi fún yín?"

"Háà, bàbá! Ta ni kò mọ̀ yín?"

Orí Ọdẹ́lékè wú. Mo ti gbọ́ irọ́ láyé mi, mo sì ti pa díẹ̀ fúnra mi, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ irọ́ kékeré tó ṣiṣẹ́ ńlá báyìí rí.

Kíákíá ní abẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Wọn yóò kó ìyẹ́ awó wá fún un, òun yóò máa dì í mọ́ igi nínú ilé. Bó bá ti di ogún, wọn yóò fún un ní ewúrẹ́ méjì àti àpò iyọ̀ kan.

"Ẹ kò tíì béèrè bóyá mo mọ abẹ̀bẹ̀ í ṣe," ni Ọdẹ́lékè wí.

"Ọwọ́ tó ń di ìbọn mú, abẹ̀bẹ̀ ni yóò wá ṣòro fún?"

Morádéun fi gàrí tó ń yan sílẹ̀, ó bọ́ síta. "Ẹ kú ọ̀nà, àlejò. Níbo gan-an ni ìlú yín wà?"

"Ó jìnnà díẹ̀, ìyá."

"Ta ló ti ṣe iṣẹ́ yìí rí, tí a lè lọ bi í léèrè?"

"Wọ́n pọ̀ lọ jàra, ìyá. Ṣùgbọ́n àyè ẹnì kan péré ló kù, àwọn méjì sì ti ń dúró dè mí lẹ́yìn ìlú."

"Kí wọ́n dúró di ọ̀la. A ó fi òru yìí rò ó."

"Di ọ̀la kẹ̀? Àyè á ti kún."

"Bàbá Àwẹ̀ró," ni Morádéun wí, "ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi nínú."

"Ìwọ lọ wo gàrí rẹ kó má baà jóná," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn. Ó dùn ún títí dòní pé òun sọ bẹ́ẹ̀.

Kíákíá wá yọ kèrègbè kékeré kan jáde. Ó ní kí Ọdẹ́lékè fi oríkì rẹ̀ sínú rẹ̀, ti ara rẹ̀, ti ilé bàbá rẹ̀ àti ti ilé ìyá rẹ̀, kí ọ̀gá lè mọ ẹni tí òun gbà síṣẹ́. Ẹ wò ó, ibí ni wọ́n ti mú un. Bí ẹ bá ní kí ọdẹ Òkè-Ọ̀gùrọ̀ fún yín ní àdá rẹ̀, á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ẹ bá ní kó fún yín ní ajá rẹ̀, á bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè oríkì rẹ̀, ẹ tètè wá ibi jókòó sí. Inú wa a máa dùn pé ẹnì kan béèrè. Ọdẹ́lékè gbé kèrègbè sẹ́nu, ó kì í láti orí "Àkànjí" títí dé orí bàbá bàbá bàbá rẹ̀, títí ó fi ń fi òógùn wẹ̀.

Kíákíá dé e pa. Ó yọ èkejì. "Ọwọ́ ọmọdé máa ń yá níbi ìyẹ́ dídì. Ẹ kò ní ọmọ?"

Bàbá tó bí Àwẹ̀ró fi ẹnu ara rẹ̀ kì í sínú kèrègbè kejì.

Ìyẹ́ dé lóòótọ́. Wọ́n di ogún abẹ̀bẹ̀, Kíákíá gbé e lọ, ó sì gbé e padà. Ó ní etí rẹ̀ wọ́, ọ̀gá kò gbà á, ìyẹ́ ti bàjẹ́, kí Ọdẹ́lékè fi nǹkan gba òmíràn. Ọdẹ́lékè fi awọ ẹfọ̀n gba òmíràn. Ogún kejì, etí wọ́. Ó fi ẹran gbígbẹ tó kù lókè àjà gbà á. Ogún kẹta, ó fi ajá rẹ̀ gbà á, ajá dáadáa, mo mọ ajá náà. Kò rí ewúrẹ́ kankan. Irun ewúrẹ́ gan-an, kò rí i.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pa á lára. Ní àárọ̀ kan, Morádéun kúnlẹ̀ ti ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọmọ rẹ̀. Ó kì í, kì í, ó ń dúró de ẹ̀rín. Àwẹ̀ró la ojú, ó jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá," ló wí, "ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá pè é, kò ní wẹ̀yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pè é síta kí wọ́n jọ ṣeré, ó wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó ń kọjá. Alájàpá kan ti ọ̀nà jíjìn dé, ó ní obìnrin kan ń ná orúkọ Àwẹ̀ró ọmọ ọlọ́dẹ bí owó ní ọjà òkè, ó ń fi gba aṣọ àwìn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n bí i sí, ó sì bi ìyá rẹ̀ pé ilé ta nìyí. Morádéun wọ yàrá, ó sunkún.

Ọdẹ́lékè tiro wá bá mi. N kò rí i kó sunkún nígbà tí ẹfọ̀n gún un, ṣùgbọ́n ó sunkún ní ojú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ òótọ́ fún un nítorí mo ti rí irú rẹ̀ rí, kò sì sí ohun tí n kò tíì rí rí. Mo ní àwọn ará igbó ló gba oríkì ọmọ náà, wọ́n sì ti ń mu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì tọ́ tirẹ̀ wò. Bí ọjà mẹ́ta bá ná kọjá, Àwẹ̀ró yóò dìde fúnra rẹ̀, yóò bá kèrègbè náà lọ, kò sì ní padà. Ọjà kan ti ná tẹ́lẹ̀. Mo ní kí n tẹ̀ lé e lọ. Ó ní rárá, òun ló fi ẹnu òun sọ ọ́, etí òun nìkan ni yóò dá a mọ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Bó ṣe rìn débẹ̀, ẹ má bi mí. Ó rìn, ó dé.

Igbó Abẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ló wà lórí gbogbo igi níbẹ̀ dípò ewé, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Afẹ́fẹ́ náà gbé Ọdẹ́lékè padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹrin, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi àyà wọ́, ó ń fi àdá gún ilẹ̀ kó lè rí ohun dì mú. Ìyẹ́ ń wọ ojú rẹ̀, ó ń wọ imú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú wá wúlò fún un, nítorí kò gùn débi tí afẹ́fẹ́ á fi rí i gbá mú. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Láàárín igbó náà ni arúgbó obìnrin kan jókòó sí, tó ń di ìyẹ́ mọ́ igi, tí kò gbé ojú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Òo, ọmọ mi. Má ṣe tẹ ìyẹ́ mi."

"Ó tó ìgbà wo tí ẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀?"

"Irun mi dúdú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní etí ọ̀tún wọ́, mo tún ti ọ̀tún ṣe. Wọ́n ní ó ku ti òsì."

"Ẹ kò ṣe fi í sílẹ̀?"

"Kí n fi í sílẹ̀ kẹ̀? Gbogbo èyí tí mo ti ṣe yìí ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ní àwọn yóò san án pọ̀ fún mi."

Ọdẹ́lékè wo abẹ̀bẹ̀ tó kún igbó láti ìhín dé ọ̀hún. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ta ló ń ra àwọn abẹ̀bẹ̀ yìí?"

Ọwọ́ ìyá àgbà náà dúró. Ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo orí igi kan, ó wo òmíràn. Kò sí ẹni tó ń rà á. Wọn kò gbé ẹyọ kan kúrò níbẹ̀ rí. Ọdẹ́lékè béèrè orúkọ rẹ̀ kó lè bá a gbé e bọ̀. Ìyá la ẹnu, ó wá a, wá a, kò rí i, ó sì tún fa igi àti ìyẹ́ mọ́ra. Àánú rẹ̀ ṣe Ọdẹ́lékè, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ojú Àwẹ̀ró ló ń rí ní ojú obìnrin náà.

Ó kúrò níbẹ̀, ó dé ẹnu ibodè Ìrọ̀rùn. Iwin kan ló ń ṣọ́ ọ, ó ga tó ọ̀pẹ, okùn ni gbogbo ara rẹ̀, okùn ló fi ṣe apá, okùn ló fi ṣe irùngbọ̀n. Ó sọ okùn kan mọ́ Ọdẹ́lékè lọ́rùn kó tó kí i rárá.

"Dá mi lóhùn kí o wọlé," ni iwin náà wí. "Bí o bá ṣì í, màá fà á. Mo pe àlejò wá jẹun, n kò sì bi wọ́n ní ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbá ọ̀nà wọn mọ́, mo ká gbogbo ẹ̀gún ibẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ràn wọn púpọ̀, n kò sì mọ ẹnì kan nínú wọn. Ẹni tó bá yá kó máa bọ̀. Ta ni mí?"

Ọdẹ́lékè ronú. Ó fẹ́ wí pé ọba tó ń ṣọdún. Ó rántí pé ọba mọ àwọn àlejò rẹ̀. Ó fẹ́ wí pé ilẹ̀ tí a ń sin òkú sí, okùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í le sí i lọ́rùn. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló máa ń fi gbá ojú ọ̀nà òkété mọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kọ igi. Ọwọ́ yẹn ló fi ń da ẹyìn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ìdí tàkúté. Kò bi òkété kankan ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe rí. Òkété yòówù tó bá yá, kó máa bọ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni, nígbà tí mo bá ń dẹ tàkúté." Ojú tì í. Ogún ọdún ló ti fi ń ṣe ohun tí wọ́n fi mú un, kò sì dá a mọ̀ nígbà tó rí i nínú agbolé rẹ̀.

Iwin náà tú okùn. Mo sọ fún Ọdẹ́lékè lẹ́yìn náà pé èmi ì bá ti dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu rẹ̀. Ó kàn wò mí.

Ìlú Ìrọ̀rùn rẹwà láti iwájú. Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, fèrèsé dígí, òpó aláwọ̀ wúrà. Ọdẹ́lékè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó rí i pé ògiri iwájú nìkan ló wà. Igi ni wọ́n fi gbé e ró lẹ́yìn, koríko sì ni ìyókù. Lára àwọn igi náà ni wọ́n so kèrègbè rọ̀ sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ohùn ń kùn nínú wọn bí oyin. Ó ń rìn láàárín wọn, ó ń tẹ́tí, títí ó fi gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń fọ́nnu. Ohùn ara rẹ̀ ni. Kèrègbè rẹ̀ àti ti Àwẹ̀ró ló wà lórí èèkàn kan náà.

Kó tó na ọwọ́ sí i ni ọ̀gá wọn dìde nínú koríko. Olórúkọ-Púpọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò ní ojú tirẹ̀. Bó bá mu nínú kèrègbè kan, ojú ẹni tó ni ín yóò yọ sí i, yóò sì fi bá ọ sọ̀rọ̀ títí tí yóò fi parẹ́. Kíákíá dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Akíkanjú ọdẹ!" ni Olórúkọ-Púpọ̀ wí. "Mo ti ń retí rẹ. Mo ti gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́. O kò ní di ìyẹ́ mọ́. Padà sí ìlú rẹ, bá mi kó oríkì ẹni méjì wá, ẹni méjì péré, màá fún ọ ní ti ọmọ rẹ."

Ẹ má bá a wí kí ẹ tó gbọ́. Bàbá ni. Ọkàn rẹ̀ sáré padà wá sílé, ó ń wá ẹni méjì. Ẹni àkọ́kọ́ tó rí ni opó kan ní ẹ̀yìnkùlé wọn, tó ń wá iṣẹ́ káàkiri, tí yóò gbà láìjanpata. Ẹnì kejì ni èmi yìí. Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi tí mo jókòó níwájú yín! Ó rò ó pé bí òun bá ti lè yìn mí díẹ̀, màá kì í sínú kèrègbè títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Mo bínú sí i fún odindi oṣù kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òótọ́ ni.

Ó bojú wo Kíákíá. "Ìwọ, ẹni mélòó ni wọ́n ní kí o mú wá?"

"Méjì," ni Kíákíá wí wẹ́rẹ́. "Ọmọkùnrin mi ni mo wá gbà. Mo mú méjì wá. Wọ́n ní ó ku méjì. Ọdún kọkànlá rèé, bàbá."

Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́lékè sọ ìbọn rẹ̀ kalẹ̀ láti èjìká, tó sì nà án. Àwa ọdẹ Òkè-Ọ̀gùrọ̀ ní òfin kan. Bí nǹkan bá mira nínú igbó, tí a kò mọ̀ bóyá ẹran ni tàbí èèyàn, a kò gbọ́dọ̀ yìn ín kí a tó béèrè pé, "Ta ni? Ọmọ ta ni?" Èèyàn yóò dáhùn. Ohun tí kò bá lè dáhùn, a ó yìn ín. Ọdẹ́lékè ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, ó ti fún wọn ní ajá, ó ti fún wọn ní ọmọ, kò sì bi wọ́n ní ohun tí yóò bi igbó tó mira.

"Ta ni?" ló wí. "Ọmọ ta ni?"

Ara Olórúkọ-Púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láti ẹsẹ̀. Ó já kèrègbè kan, ó ṣí i. "Èmi ni Àjàgbé, ọmọ..."

"Irọ́. Ti Àjàgbé nìyẹn. Ìwọ, ta ni? Ọmọ ta ni?"

Oríkì Àjàgbé, bó ti bọ́ síta, fò kọjá lókè orí wọn, ó ń lọ sílé. Ọ̀gá já òmíràn, ó já òmíràn, ó ń ṣí wọn ní wàràwàrà, gbogbo èyí tó bá ṣí ló ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ti ọmọkùnrin Kíákíá bọ́ síta, bàbá rẹ̀ kígbe, ó sì sáré tẹ̀ lé e wọ igbó. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó ní ipa.

Nígbà tí yóò fi ku kèrègbè méjì, ti bàbá àti ti ọmọ, Olórúkọ-Púpọ̀ ti yọ́ dé àyà. Ó gbá àwọn méjèèjì mọ́ra.

"Bí o bá yìn mí, màá fọ́ wọn mọ́lẹ̀, wọ́n á dà nù," ló wí. "Ó yẹ kí n rí orúkọ kan dúró lé. Mú ọ̀kan, kí o fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Bí o bá fi ti ọmọdé yìí sílẹ̀, màá máa fi ewúrẹ́ ránṣẹ́ sí ọ lóòótọ́..."

"Fún mi ní ti Àwẹ̀ró," ni Ọdẹ́lékè wí. Kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ó ṣí i lójú ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ bó ṣe gba etí rẹ̀ kọjá, tó gba ọ̀nà Òkè-Ọ̀gùrọ̀. Olórúkọ-Púpọ̀ gbé kèrègbè tó kù mì, ojú Ọdẹ́lékè sì yọ sí i, tòun ti ilà. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gba ìhín, tí ìkejì gba ọ̀hún.

Nígbà tó ń padà bọ̀, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ mọ́ ní Igbó Abẹ̀bẹ̀. Ìyá arúgbó ti dìde dúró láàárín ìyẹ́, ó ń wí pé, "Àyìnkẹ́ ni mí. Àyìnkẹ́! Àyìnkẹ́ ni mí." Àyìnkẹ́ ló fa Ọdẹ́lékè lọ́wọ́ jáde.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ mi. Nǹkan náà ṣì wà níta. Bí ọkùnrin kan bá wá sí ìlú yín, tó ní òun ni Ọdẹ́lékè Àkànjí, ọdẹ Òkè-Ọ̀gùrọ̀, tí ojú rẹ̀ jọ tirẹ̀, tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀, tó sì ní iṣẹ́ ìrọ̀rùn kan fún yín, orúkọ rere ló wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ín. Ẹ bi í ní ibi tí ilé rẹ̀ wà, kí ẹ sì lọ wo ẹ̀yìn ilé náà. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń ra ohun tí yóò ní kí ẹ ṣe. Bó bá ní kí ẹ yára, ẹ jókòó. Bó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ mú nǹkan wá kó tó fún yín níṣẹ́, ẹ tú ajá sílẹ̀. Ọdẹ́lékè tòótọ́ ń tiro, gàrí ló sì ń bá ìyàwó rẹ̀ yan báyìí.

Ọjọ́ tó padà dé, ọjà kẹta ku ọ̀la. Morádéun gbé omi fún un. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró di ojú pa. Ó di í, ó di í, ẹ̀rín ti ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fò dìde. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé mi. Mo ti dàgbà, ojú mi kì í sábà ro omi, ṣùgbọ́n ó ro omi lọ́jọ́ yẹn.

Inú Morádéun dùn púpọ̀ débi pé ó yí padà sí ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un nínú eruku, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀: "Àkànjí, ọmọ arẹ́fọ̀n-má-yẹ̀..."

Ọdẹ́lékè bojú wẹ̀yìn. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá àlejò ló dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tí wọ́n ń kì lè rí àyè kọjá.

Àwẹ̀ró ló lọ dì í lọ́wọ́ mú. Títí dòní, ní àràárọ̀, òun ló máa ń lọ dì í lọ́wọ́ mú.

"Bàbá," ni yóò wí, "ẹ̀yin ni ìyá mi ń kì."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá. Ẹ dá a lóhùn."